Ẹnu Ọ̀nà Méjì Ilé Wa àti Ohùn Baba

Ilé wa ní Kambolé ní ẹnu ọ̀nà méjì, ẹni méjì ló sì ń ṣọ́ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi wọ́n síbẹ̀. Baba àgbà mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Ládàánì nítorí òun ló ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa, máa ń jókòó sórí awọ àgbò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà mi, ìyàwó rẹ̀, máa ń jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilé ìdáná, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo níwájú rẹ̀. Bí o bá ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀dọ̀ Baba ni kí o gbà. Kò ní gbójú sókè. Á kàn dáhùn ìkíni rẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà á máa bọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ náà á bọ́ sínú ilé. Ṣùgbọ́n bí o bá sáré, ọ̀pá rẹ̀ á ti dábùú ọ̀nà kí o tó mọ̀ pé ó gbé e. "Ta ni ń lé ọ? Padà sẹ́yìn, kí o tún wọlé bí ọmọ ènìyàn." Bí o bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kí i, o kò gbọdọ̀ dákẹ́ lójijì. Ẹni tó bá já ìkíni sí àárín, iná á ta lójú Baba fún un ju ẹni tí kò kí i rárá lọ. Ti Ìyá Àgbà yàtọ̀ pátápátá. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló gbé. "Àjàní, wá, jókòó díẹ̀, bá mi yín àgbàdo yìí." Apẹ̀rẹ̀ á máa kún, oòrùn á máa wọ̀, o ò ní kọjá. Àmọ́ bí o bá sáré wọlé bí ọ̀kẹ́rẹ́, tí o tún sáré jáde, kò ní ráyè pè ọ́. Ẹ̀yìn rẹ ni yóò rí.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, ní yunifásítì ní Lomé, tí olùkọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná kan ya nǹkan méjì sára pátákó, ó ní bí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bá ṣe ń rọra sí i, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, nǹkan àkọ́kọ́ á dàbí wáyà tó já, èkejì á dàbí wáyà lásán tí kò ní ìdíwọ́. Bí iná náà bá sì ń yára, tó ń yára kọjá ohun tí ẹnu lè sọ, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ìwà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi láàárín kíláàsì. Olùkọ́ yí padà. "Ọ̀gbẹ́ni, kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú àwòrán yìí?" Mo ní kò sí nǹkan kan, mọsiọ́, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lédè Faransé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé baba àgbà àti ìyá àgbà mi ló yà sára pátákó yẹn, tí kò sì mọ̀ wọ́n rí?

Ọdún tí mo fẹ́ rántí níhìn-ín, mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá tí àwòrán ọkùnrin kan ṣoṣo wà lókè pátákó, ọkùnrin kan náà tí àwòrán rẹ̀ wà ní gbogbo ọ́fíìsì, tó tún wà lára aṣọ tí wọ́n fi ń jó fún ìjọba. Nílé wa, ìjọba méjì ló wà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, a sì mọ bí a ṣe ń gbé lábẹ́ méjèèjì. Bí mo bá di ojú mi báyìí, etí mi ló máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Odó ìrọ̀lẹ́ á máa dún gbì, gbì, ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé á máa gún iyán, mélòó kan lórí odó kan. Ìyá Àgbà á ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn pariwo pé, "Kókó ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má tíì dáwọ́ dúró!" Ìró odó nìkan ló fi mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹtù á máa ké ṣíoṣío lábẹ́ àpótí tó jókòó lé, kò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tó bá tínínrín mọ́; agogo kẹ̀kẹ́ kò sí láyé tirẹ̀. Àwa ọmọdé a máa súfèé lẹ́yìn rẹ̀, a ó máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, títí ọjọ́ tí Baba fi rí wa. Kò nà wá. Ó ní, "Ọjọ́ ogbó yín ń bọ̀, yóò sì mú ìfé tirẹ̀ lọ́wọ́." Mo ti dàgbà báyìí o. Ọmọ-ọmọ mi máa ń sọ fún mi pé fóònù mi ń dún nínú àpò mi, èmi á sì ní irọ́ ni.

Ohùn Baba ni Ìyá Àgbà fi ń ka ọjọ́. Ohùn náà nípọn. Kì í ṣe pé ó ń pariwo. Ó máa ń dàbí ẹni pé ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ó tó fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó wà lóko lọ́nà Goubi máa ń fi ọkọ́ lélẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí Baba bá ti pe ìrun àlàásárì, Ìyá Àgbà á gbọn èèpo àgbàdo kúrò láṣọ, á gbé ṣágo omi àlùwàlá rẹ̀, á ní, "Ọkọ mi ti pè." Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn lójoojúmọ́, bí ẹni pé òun nìkan ni ọkọ òun ń pè, tí gbogbo àdúgbò kàn ń tẹ̀ lé òun lọ.

Lọ́dún náà, àwọn ọmọ Kambolé tó ń tajà ní Sokodé fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ta mọ́sálásí wa lọ́rẹ. Àlùfáà Jíbírìlù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa ní kéwú, ló fi alùpùpù rẹ̀ lọ gbé e wá, ó sì pe ìrun díẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àpótí irin kan ni, bátìrì ọkọ̀ kan, àti ẹnu kan tó là gbàràgàdà bí òdòdó elégédé, tí wọ́n so mọ́ abẹ́ òrùlé mọ́sálásí. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò pé. Baba wọ agbádá funfun, ó nu ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ní kí ó má pariwo, kí ó kàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ baba àgbà mi: ohun tó ti ẹnu òdòdó yẹn jáde dàbí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí ojú tó tì mí. Wọ́n wá ní kí Jíbírìlù dán an wò. Ohùn Jíbírìlù tínínrín látilẹ̀, bí okùn gòjé. Ó wọnú ẹ̀rọ, ó sì han gooro dé ọjà.

Lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Lèmọ́mù wa, ẹni jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan ní ìdí, ló rí ìdí rẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí kò mọ ohùn Baba ni," ó ní. "Ohùn Jíbírìlù ló kọ́kọ́ gbọ́ ní Sokodé. Bí òròmọdìẹ ló rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nígbà tó jáde nínú ẹyin, òun ló ń pè ní ìyá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí," ni Jíbírìlù wí. "Mo kàn dán an wò ni o. Èmi kò bí i."

Àwọn àgbà ò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní kí Baba máa wá jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ méje, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀, bóyá yóò mọ̀ ọ́n. Títí dìgbà náà, kí Jíbírìlù máa bá a pè é; bí oṣù ààwẹ̀ bá yọ tí ẹ̀rọ kò tíì mọ Baba, kí Jíbírìlù gba ìpè ìrun pátápátá, nítorí àwọn ọmọ Sokodé ń bọ̀ nílé fún ààwẹ̀, ojú á sì ti ìlú bí wọ́n bá bá ẹ̀bùn wọn tó ń sùn. Baba kò jiyàn. Ó ti ń pe ìrun láti ìgbà tí baba mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó kàn ní, "Ó dáa."

Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e lọ. Bí kéwú bá parí, a ó wọ mọ́sálásí, Baba á jókòó síwájú àpótí irin náà, á kí i dáadáa bí ẹni tó ń kí àlejò, á wá dárúkọ ara rẹ̀ fún un, ọmọ ta ni òun, níbo ni oko òun wà, irú iṣu wo ni òun ń gbìn. "Mi ò bá ọ jà," ó sọ fún un lọ́jọ́ kejì. "Bóyá wọ́n ti sọ nǹkan kan fún ọ nípa mi ní Sokodé, irọ́ ni." Lọ́jọ́ kẹta, bátìrì kú. Lèmọ́mù ní kò yà òun lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Baba ti pọ̀ jù fún un. Jíbírìlù gbé bátìrì náà lọ sí Tchamba, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ amúnáwá, kí wọ́n tún fún un ní agbára. Lọ́jọ́ keje, Baba pe ìrun sí i. Ẹ̀fọn nínú ìgò.

Kò bínú. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbàgbé ara mi, mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú wọlé, mo dé àgbàlá kí n tó rántí ọ̀pá. Mo wẹ̀yìn. Baba jókòó sórí awọ àgbò, ojú rẹ̀ ń wo ìta. Ọ̀pá kò gbéra. Mo padà, mo tún sáré kọjá, bóyá kò rí mi ni. Kò gbéra. Ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, Ìyá Àgbà dá mi dúró bó ṣe máa ń ṣe, ó fi àgbàdo lé mi lọ́wọ́, ó sì bi mí ní ìbéèrè tó ti ń bi mí láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. "Àjàní, ṣé ọkọ mi ti pè?" Ìpè ìrun ti dún tipẹ́, láti ẹnu òdòdó elégédé, gooro gooro, àwọn ọkùnrin ti tò sẹ́yìn Lèmọ́mù. Òun kò gbọ́ nǹkan kan. "Ó ti pè, Ìyá," mo ní, mo na ọwọ́ sí ọ̀nà mọ́sálásí. Á wá yára dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, bí obìnrin tí wọ́n jí lójú oorun láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́ẹ̀kan, mo wà nílé ìwé, kò rẹ́ni bi. Oòrùn wọ̀ bá a lórí àpótí, àlàásárì kọjá. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìyá mi ló rí i tó ń ki ìrun náà lásìkò tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Ràímì dé fún ìsinmi. Òun ni àbíkẹ́yìn Baba, ó ń kàwé ní lísè, ilé ìwé girama, ní Sokodé, ẹ̀kọ́ iná ló sì fẹ́ràn. Kò sí ilé tó ń wọ̀ tí kò ní tú nǹkan kan wò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó gun àkàbà, ó tú ìdí òdòdó elégédé, ó sì mú nǹkan kékeré kan sọ̀kalẹ̀, tó tóbi bí ẹ̀pà olójú méjì, tó ní ẹsẹ̀ wáyà méjì. Ó gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Baba, Lèmọ́mù àti Jíbírìlù jókòó sí.

"Baba, ẹ̀rọ yìí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ohun tó dábùú ọ̀nà yín. Kòńdánsà ni. Irú rẹ̀ wà nínú alùpùpù Jíbírìlù."

"Ta ló fi síbẹ̀?" ni Baba bi.

"Àwọn tó ṣe é ni. Ohùn tó nípọn lè ya awọ inú òdòdó yẹn. Wọ́n ní kí èyí máa ṣọ́nà."

Baba gba kòńdánsà náà, ó yí i wò. "Wọ́n bẹ̀rù mi," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín lójú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà dé.

Ràímì yọ gílóòbù kékeré kan nínú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó fi wáyà so ó mọ́ òkúta tọ́ọ̀ṣì, ó tàn. Ó wá fi kòńdánsà sáàárín, kò tàn. "Iná inú òkúta yìí kì í lọ, kì í bọ̀," ó ní. "Ó dúró sójú kan. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè kọjá nínú kòńdánsà láé. Ṣùgbọ́n iná tó ń gbé ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ohùn bá nípọn, á rọra lọ, á rọra bọ̀. Bí ohùn bá tínínrín, á sáré lọ, á sáré bọ̀."

"Bí ọmọ yìí," ni Baba wí, ó na ọ̀pá sí mi.

"Bí ọmọ yìí gan-an. Baba, kòńdánsà yìí, Ìyá wa ni."

Ìyá Àgbà ń gbé omi bọ̀ fún Lèmọ́mù lásìkò yẹn. Ohùn Ràímì nípọn bíi ti baba rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dáadáa. "Èmi? Kí ni mo tún ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ẹni tó bá rìn jẹ́jẹ́ wá sọ́dọ̀ yín, ṣé ó ń kọjá?"

"Ó máa kọ́kọ́ bá mi yín àgbàdo."

"Ẹni tó bá sáré ńkọ́?"

"Ta ni yóò lé e?"

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú. Ràímì kọjú sí Baba. "Ohùn yín ń rìn jẹ́jẹ́, Baba, ẹnu ọ̀nà Ìyá ni wọ́n sì ní kí ó gbà. Díẹ̀ tó bọ́ mọ́ Ìyá lọ́wọ́ ni ẹ̀fọn tí ẹ gbọ́ yẹn. Ohùn Jíbírìlù ń sáré, ó kọjá lọ fẹẹrẹ."

"Kí ni ká ṣe?" ni Lèmọ́mù bi. "Ká lé Ìyá kúrò lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹ gbìyànjú ẹ wò ná," ni Ìyá Àgbà wí.

"Rárá, bí a bá mú un kúrò, awọ á ya. Ilé yìí ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ẹ̀rọ yẹn ní ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká ṣí ti Baba sí i." Ó ní wáyà bàbà tí a bá wé yípo yípo, tí wọ́n ń pè ní bòbín, ní ìwà Baba gẹ́lẹ́. Iná tó dúró sójú kan á gbà á kọjá bí ẹni pé wáyà lásán ni. Èyí tó ń rọra lọ, tó ń rọra bọ̀, á kọjá. Bí ó bá ti ń yára, bòbín á bẹ̀rẹ̀ sí di ọ̀nà mọ́ ọn, bó bá sì yára jù, ṣe ló dàbí pé wáyà ti já. Bí ènìyàn bá sì já iná tó ń gbà á kọjá sí àárín lójijì, iná á ta. Gbogbo wa wo Baba. Ó ń wo òkè àjà bí ẹni pé kì í ṣe òun.

Ohun méjì ló kù: wáyà, àti ẹnu ńlá tí ohùn tó nípọn lè gbà jáde láìya. Jíbírìlù ló pèsè wáyà, láti inú ẹ̀rọ iná alùpùpù rẹ̀ àtijọ́ tó ti jóná. Ó mú un wá kíákíá débi pé Baba bi í pé kí ló dé. "Baba, kí n má purọ́," ó ní, "bí ẹ bá fi ìpè ìrun sílẹ̀ fún mi, èmi ni yóò máa jí kí àkùkọ tó jí. Oorun ń dùn mọ́ mi." Ẹnu ńlá náà ni ìṣòro. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò: ó wà nínú rédíò onípákó Baba, tó ń fi aṣọ bò bí ọmọ tuntun, tó ń gbọ́ ìròyìn nínú rẹ̀ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Baba fúnra rẹ̀ ló dìde, ó gbé e jáde, ó ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ra á," ó ní, "ohùn ẹnìkan ṣoṣo àti ohùn àwọn tó ń yìn ín ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Mo ti gbọ́ wọn tó." Ó wo ìta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ ọ́ síta o."

A wé bòbín náà lọ́jọ́ kejì, sára ègé ọparun kan, lábẹ́ igi èmí tó wà ní àgbàlá. Èmi ń yí ọparun, Jíbírìlù ń tọ́ wáyà kí ó má gun ara rẹ̀, Ràímì ń kà á ní èdè Faransé. Bí ìyá mi bá kọjá tó bi í ní ọ̀rọ̀ kan, á gbàgbé ibi tó dé, a ó tú gbogbo rẹ̀. Ìgbà kẹta tí a tú u, Baba gba iṣẹ́ ìkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú tẹ̀sùbáà, ìlẹ̀kẹ̀ kan fún ìyípo kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ọgọ́rùn-ún ló wà lára rẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dé ìdajì, kò ṣìṣe nígbà kan, ètè rẹ̀ sì ń mì, n kò mọ̀ bóyá wáyà nìkan ló ń kà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ bòbín láti ìgbà náà, nínú yàrá ìmọ̀ ẹ̀rọ tó mọ́ tónítóní. N kò tíì rí èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run kà bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ yọ. Wọ́n gbé ẹnu rédíò náà sínú àpótí pákó, wọ́n so ó mọ́ abẹ́ òdòdó elégédé, bòbín lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, kòńdánsà lẹ́nu ọ̀nà tòdòdó. Ràímì fà mí lápá, ó fi orúkọ kéwú mi pè mí. "Sàfíù, lọ jókòó ti Ìyá. Má sọ ohunkóhun fún un. Kàn wo ojú rẹ̀." Mo lọ. Nítorí pé mo rọra rìn, ó mú mi. Àgbàdo ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó dáadáa. Àwọn ọmọ ẹtù ń ké lábẹ́ àpótí rẹ̀. Àwa méjèèjì ń yín àgbàdo, n kò lè wò ó, n kò sì lè má wò ó. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo ibi tí òjìji igi èmí dé, ó la ẹnu. "Àjàní, ṣé ọkọ mi…"

Ohùn náà dé. Kò pariwo. Ó gba ilẹ̀ wá bó ṣe máa ń wá, ó gbòòrò ju ti àtijọ́ lọ, omi inú ṣágo sì gbọ̀n díẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lófuurufú pẹ̀lú ṣírí àgbàdo. Ó tẹ́tí títí Baba fi parí ìpè náà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó gbá mi lẹ́jìká.

"Ọmọ yìí, o ò gbọ́ ni? Ọkọ mi ti pè!"

Ó dìde, ó gbọn èèpo kúrò láṣọ, ó gbé ṣágo rẹ̀, ó lọ, ó sì gbàgbé mi síbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí kò tíì kún. N kò rántí ìgbà mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti lọ tipẹ́, ẹnikẹ́ni lè gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì ilé wa wọlé báyìí bó ṣe wù ú, kíá tàbí pẹ̀lẹ́. Bí mo bá lọ sí Kambolé, mo ṣì máa ń rọra rìn ní iwájú, mo sì máa ń sáré ní ẹ̀yìn, àwọn ọmọ ilé á máa fi mí rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí àgbàlagbà ń sáré. Wọn ò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí Baba ti ti mọ́sálásí dé tó jókòó sórí awọ àgbò, ayọ̀ kún inú mi, mo sáré láti ìta láti wá sọ fún un ohun tí Ìyá Àgbà wí. N kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ti dábùú ọ̀nà.

"Ta ni ń lé ọ?" ni Baba wí. Kò gbójú sókè kúrò lórí tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Padà sẹ́yìn, kí o tún wọlé bí ọmọ ènìyàn."

Mo padà dé ìta, mo dúró díẹ̀ kí èémí mi lè balẹ̀, mo sì tún wọlé, jẹ́jẹ́.